Eré Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré Lórí Pátákó Inú Ilé?

Ìbéèrè

Pátákó tí mo to irin lé nínú yàrá òkè ilé wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gùn ní mítà 3.6, ó sì fẹ̀ ní mítà 1.2. OO ni ìwọ̀n tí mo ń lò, èyí tó kéré sí ojúlówó ní bíi ìlọ́po 76. Irin náà yí po, ibùdókọ̀ kan sì wà níwájú. Mo ní HST kan (High Speed Train, ọkọ̀ ojú irin ayárajù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) tó ní kóòṣì mẹ́rin, mo sì ní ẹ́ńjìnnì eléèédú kékeré kan, pannier (tí àgbá omi rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì) ti ilé iṣẹ́ ojú irin Great Western, pẹ̀lú wágọ́nù díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ń tẹnu mọ́ ọn pé HST gbọ́dọ̀ máa sá eré máìlì 125 ní wákàtí kan, nítorí pé eré tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Ẹlòmíràn ní bí a bá ti dín ọkọ̀ kù ní ìlọ́po 76, àfi kí a dín wákàtí náà kù. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní ọkọ̀ mi ń rìn bí ìgbín. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí rẹ̀, ṣé ẹ máa ń wọn eré yìí ni, àbí ojú lásán lẹ fi ń gbé e?

* * *

A máa ń wọ̀n ọ́n, ó sì yẹ kí a máa wọ̀n ọ́n, nítorí pé ojú máa ń tan ènìyàn jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Téèpù ìwọnlẹ̀ kan àti aago orí fóònù ti tó. Ẹ lẹ bébà pélébé méjì sí ẹ̀gbẹ́ irin, kí mítà kan wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ti máa lọ ní eré kan náà kí imú rẹ̀ tó dé ibi bébà àkọ́kọ́, kí ẹ sì wo iye ìṣẹ́jú àáyá tí imú náà fi dé ibi ìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ pín 274 sí ọ̀nà iye ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ohun tí ẹ bá rí ni iye kìlómítà tí ojúlówó ọkọ̀ ìbá máa sá ní wákàtí kan. Bí ó bá gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 7, kìlómítà 39 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2 péré, ó ti di 137. Bí eré náà bá pọ̀ tó báyìí, mítà méjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì pín iye ìṣẹ́jú àáyá náà sí méjì, nítorí pé ọwọ́ tó ń tẹ aago kì í yá tó ọkọ̀.

Ibi tí 274 ti wá kò ṣòro. Ìwọ̀n OO jẹ́ 1:76.2, a sì sọ iye yẹn di ìlọ́po 3.6, èyí tí í sọ mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan di kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tó ń lo ìwọ̀n HO, tó jẹ́ 1:87, yóò fi 313 rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀n N ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ 1:148, ń gba 533. Ìwọ̀n N ti Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù yòókù, tó jẹ́ 1:160, ń gba 576. Ìwọ̀n O ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ 1:43.5, ń gba 157. Ẹ kọ ti yín sára ògiri ẹ̀gbẹ́ pátákó, ẹ kò ní nílò kọ̀ǹpútà fún un.

* * *

Ní ti ẹni tó ní kí a dín wákàtí kù: ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn létí, ṣùgbọ́n kò dúró rárá bí a bá ṣírò rẹ̀. Gígùn, fífẹ̀ àti gíga nìkan la dín kù. Ọkọ̀ OO tó ń sá eré kìlómítà 100 ní ìwọ̀n tirẹ̀ ń lọ ní sẹ̀ntímítà 36 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tún dín ìṣẹ́jú àáyá náà kù ní ìlọ́po 76, a ó ní kí ọkọ̀ náà lọ ní mítà 27.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé kí ó sá kìlómítà 100 gan-an nínú yàrá yín. Kò sí ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ fi lè fi ojú ara yín rí i pé àkókò kò yí padà. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì pannier yín. Nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní 5700, ẹsẹ̀ ojúlówó rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 7½, nítorí náà ó ń gbé ọkọ̀ lọ ní bíi mítà 4.4 nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ní eré máìlì 10, tó jẹ́ kìlómítà 16 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ náà ń yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti orí pátákó náà gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan bákan náà. Ẹ tẹjú mọ́ ọ̀pá irin tó so àwọn ẹsẹ̀ mẹ́ta náà pọ̀: yóò gòkè, yóò lọ síwájú, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò padà sẹ́yìn, kí ẹ tó pe ‘ẹ̀ẹ̀kan’ tán. Bí ọ̀pá náà bá ń yí débi pé ẹ kò rí i yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ mọ́, eré yẹn ti kọjá ohun tí ojúlówó rẹ̀ lè ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá ní ohùn nínú, kí ó mí hùù ní ẹ̀ẹ̀mẹrin fún yíyí kọ̀ọ̀kan, nítorí pé sílíńdà méjì ló ní.

Aago tó ń yára, èyí tí àwọn kan máa ń gbé kọ́ sára ògiri kí wákàtí kan lè parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ìṣètò àkókò ni wọ́n ń fi í ṣe, kí iṣẹ́ ọjọ́ kan ní ibùdókọ̀ lè wọ inú ìrọ̀lẹ́ kan. Kò sọ pé kí ọkọ̀ kankan yára sí i. Ẹnì kan tún mẹ́nu ba àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré ya fíìmù, pé wọ́n máa ń mú kí àwòrán lọ jẹ́jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n torí ohun tó ń já bọ́ tàbí tó ń mì ni, kí ó lè dà bí ohun tó wúwo. Ní ìwọ̀n OO, ó tó ìlọ́po 8.7. Ọkọ̀ tó ń yí lórí irin kò já bọ́ láti ibì kankan, a kò sì fi kámẹ́rà wò ó.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí èmi àti ọ̀rẹ́ yín tó ni ọ̀rọ̀ máìlì 125 kò ti gbọ́ ara wa yé. Ìṣirò rẹ̀ kò burú. Máìlì 125 jẹ́ kìlómítà 201, ìṣẹ́jú àáyá 1.36 lọkọ̀ náà yóò sì fi lo mítà kan lórí pátákó. Ohun tí kò gbé yẹ̀ wò ni ibi tí ọkọ̀ náà ti fẹ́ sá a.

Òbíríkítí tó lè wọ orí pátákó yín kò tó mítà 8. Ní ojúlówó, ìyẹn jẹ́ bíi mítà 600. Ní eré máìlì 125, ọkọ̀ yóò yí i po láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá 11, ẹni tó jókòó síwájú ibùdókọ̀ yóò sì máa rí ọkọ̀ kan náà léraléra, kí ó tó gbàgbé pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ìyẹn ṣì kéré. Ẹ wo ọ̀rọ̀ dídúró. Ká ní awakọ̀ ń tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, tí eré ọkọ̀ ń fi ìdajì mítà dín ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò ní da tíì nù lára àwọn èrò. Láti orí kìlómítà 200, yóò gbà ju kìlómítà mẹ́ta lọ kí ó tó dúró, ìyẹn sì jẹ́ mítà 40 lórí irin OO. Láti orí kìlómítà 100, ó jẹ́ mítà 770, ìyẹn mítà 10 lórí irin, síbẹ̀ ó ti ju gbogbo òbíríkítí yín lọ. Láti orí kìlómítà 40, ìṣẹ́jú àáyá 22 ni yóò gbà, yóò sì rìn ní mítà 123, tó jẹ́ mítà 1.6 lórí pátákó. Èyí wọ iwájú ibùdókọ̀ yín, ààyè sì tún ṣẹ́ kù.

Ohun tí mo gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mo sì dúró lórí rẹ̀: ààyè tí ọkọ̀ ní láti gbéra àti láti dúró ló yẹ kí ó pinnu eré rẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sínú ìwé nípa agbára ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó bá sá kìlómítà 100 tó péye, tó wá dúró gbọnyin láàárín mítà kan, ti ba gbogbo ìṣirò tí ẹ ṣe jẹ́. Ojú tó ń wò ó mọ̀ pé ohun tó wúwo tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kódà bí ẹni náà kò bá lè sọ ohun tó rí.

Kọ́nà náà ń bẹ níbẹ̀. Irin kọ́nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, èyí tí wọ́n ń pè ní second radius, fi mílímítà 438 jìnnà sí àárín òbíríkítí rẹ̀. Ní ojúlówó, mítà 33 ni. Ọkọ̀ gidi tó bá gbé eré kìlómítà 100 wọ irú kọ́nà bẹ́ẹ̀ yóò ṣubú. Ti orí pátákó kò ní ṣubú, nítorí pé bí a ṣe dín eré àti kọ́nà kù pọ̀, agbára tó ń ti ọkọ̀ síta dín kù pẹ̀lú wọn, nígbà tí ilẹ̀ kò dín bí ó ṣe ń fa nǹkan wálẹ̀ kù. Ìdí nìyí tí eré àsápajúdé fi ṣeé sá nínú ilé láìsí ewu kankan, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ó dà bí irọ́.

* * *

Wọ́n bi mí pé ṣé mo wá ń sọ pé kí a gbé HST sínú àpótí ni. Rárá o. HST bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èrò ní ọdún 1976, òótọ́ sì ni pé ó máa ń sá máìlì 125 nígbà náà ní àwọn ibi tí irin ti gùn gbọọrọ. Ṣùgbọ́n HST kan náà ni wọ́n máa ń wà kọjá nígbà náà lórí afárá Royal Albert ní Saltash, èyí tí ẹnjiníà Brunel kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1859, máìlì 15 péré sì ni wọ́n gbà láyè níbẹ̀. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà 24. Lórí irin yín, bíi ìṣẹ́jú àáyá 11 fún mítà kan. Lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin GWR ti òde òní tún gé àwọn HST kan kúrú, wọ́n pè wọ́n ní Castle, kóòṣì mẹ́rin péré ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì méjèèjì, ojú irin Cornwall tó kún fún kọ́nà sì wà lára ibi tí wọ́n ti lò wọ́n. Kóòṣì mẹ́rin náà lẹ ní. Gbogbo rẹ̀ kò gùn ju mítà 1.7 lọ ní OO, nígbà tí èyí tó pé yóò sún mọ́ mítà 3, tí iwájú rẹ̀ yóò ti wà ní kọ́nà kan kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kúrò ní kọ́nà kejì. Ẹ ti ní ọkọ̀ tó bá pátákó yín mu lọ́wọ́.

Ní ti pannier, òfin fúnra rẹ̀ ló ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ojú irin kéékèèké ìgbèríko tí wọ́n kọ́ lábẹ́ òfin Light Railways Act ti 1896 kò gbọdọ̀ kọjá máìlì 25, tó jẹ́ kìlómítà 40. Títí di òní, eré kan náà ni ọ̀pọ̀ ojú irin àtijọ́ tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń tọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sá. Mítà 1.6 tí mo ṣírò lókè yìí bá a mu rẹ́gí. Ẹni tó bá ní pátákó kékeré, tó wá yan irú ojú irin bẹ́ẹ̀, kò fi ohunkóhun du ara rẹ̀.

* * *

Ọ̀nà ẹ̀rọ̀ kan fún ẹni tí kò fẹ́ máa gbé aago kiri: ẹ máa ka kóòṣì. Kóòṣì HST gùn ní mítà 23. Ní kìlómítà 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba bíi ìṣẹ́jú àáyá 2 láti kọjá níwájú òpó kan. Ní 100, kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá dúró sí ibùdókọ̀ gidi, tí ẹ ka ti ibẹ̀, iye kan náà lẹ ó bá nílé.

* * *

Arákùnrin kan láti Ìbàdàn kọ̀wé pé òun fẹ́ ṣe ojú irin àtijọ́ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1896, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ó ní òun ti ra irin onímílímítà 16.5, ó sì ń béèrè bóyá 274 ni òun yóò lò.

Ẹ má lò ó kí ẹ tó pinnu ìwọ̀n ọkọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Fífẹ̀ irin kọ́ ló ń sọ eré. Ìwọ̀n ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni. Irin 16.5 kan náà ni HO àti OO jọ ń lò, síbẹ̀ iye wọn yàtọ̀. Ojú irin àtijọ́ wa fẹ̀ ní mílímítà 1067, kò tó 1435 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá fẹ́ kí irin tí ẹ rà dúró fún 1067 yẹn dáadáa, ìwọ̀n 1:64 ló bá a mu, àwọn kan tó ń ṣe ojú irin Ọsirélíà, Niu Sílàndì àti Gúúsù Áfíríkà sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Iye yín yóò wá di 230. Wàhálà tó kù ni pé ẹ kò ní rí kóòṣì wa rà níbì kankan, ọwọ́ yín lẹ ó fi kàn án. Inú mi dùn púpọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wá bí iṣẹ́ bá ti ń lọ.

* * *

Ìjà tó le jù níbí ni ti àwọn tó ní láìsí DCC, ìyẹn ètò tó ń gba orí irin fi àṣẹ oní-nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, kò sí eré tó péye. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Kọntiróólà fólítì 12 tó dára, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí mọ́tò rẹ̀ dára, tó ní àgbá wíwúwo kékeré lára rẹ̀ kí ó má baà dúró lójijì, yóò rìn jẹ́jẹ́ ju ẹ́ńjìnnì DCC tí wọn kò tún ṣe lọ. Ẹ lo pẹ́ńsùlù láti sàmì sí bọ́tìnnì kọntiróólà: ibi tí kìlómítà 16 wà, ibi tí 40 wà. Àmì náà yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnnì dé ẹ́ńjìnnì, ìyẹn sì ni àléébù rẹ̀ tí mo gbà.

Ẹni tó bá ní DCC ní ànfààní pé ó lè kọ òpin eré sínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, nípa àwọn nọ́ńbà ìṣètò tí wọ́n ń pè ní CV. CV 5 ló ń dín eré tó ga jù kù, CV 6 ń tún àárín ṣe, CV 2 ń sọ bí ó ṣe máa gbéra. CV 3 jẹ́ ti bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, CV 4 sì jẹ́ ti bí ó ṣe ń dín kù. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà NMRA, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré ní Amẹ́ríkà, ẹ sọ iye tó wà nínú CV 4 di ìlọ́po 0.896, ẹ ó sì rí iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ yóò fi dúró láti orí eré tó ga jù. Bí ẹ bá fi 25 sínú rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 22 ni, ìyẹn gan-an ni àkókò tí a ṣírò fún kìlómítà 40. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà kò tẹ̀ lé ìlànà yìí bákan náà, nítorí náà ẹ tún fi aago wò ó.

Kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́ bí irin bá dọ̀tí. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ó máa ń fò kọjá ibi tí iná kò dé, ẹnì kankan kò sì ní mọ̀. Ní kìlómítà 5, ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà bíi pannier lè kú pátápátá lórí ike tó wà ní àárín ibi tí irin ti pínyà. Mo ti rí àwọn tó ta ẹ́ńjìnnì tó dára dànù nítorí èyí, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ mímọ́ tí wọ́n rì bọ inú ọtí isopropyl ìbá ti yanjú rẹ̀. Ẹ nu irin, ẹ nu ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fa iná dé ibi ìpínyà irin náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ronú nípa kàpásítọ̀ tí í mú kí ẹ́ńjìnnì ré kọjá ibi tí iná ti ṣẹ́.

* * *

Ó ku ti ọmọ. Àwọn kan kọ̀wé pé ilé rẹ ni, irin rẹ ni, sá eré tó bá wù ọ́. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè fi ọlọ́pàá mú yín, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì gbọ́dọ̀ gbádùn ohun tó wà nínú ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń wá sí ẹgbẹ́ wa pé àwọn tó dúró tí wọ́n ń wòran lásán ni eré jẹ́jẹ́ máa ń sú. Ọmọ tó bá mú kọntiróólà dání, tí iṣẹ́ kan wà fún un láti ṣe, kì í bèèrè pé kí ọkọ̀ yára.

Nítorí náà, ẹ fún un ní iṣẹ́. Ẹ wá irin díẹ̀ fún Inglenook Sidings, eré àṣàrò títo wágọ́nù tí Alan Wright gbé kalẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta péré ló ní: ọ̀kan gba wágọ́nù márùn-ún, méjì yòókù gba mẹ́ta mẹ́ta. Wágọ́nù mẹ́jọ lẹ ó lò. Ẹ kọ orúkọ wọn sórí bébà, ẹ fa márùn-ún yọ láìwo ojú wọn, kí ọmọ wá fi pannier to àwọn márùn-ún náà bí bébà ṣe tò wọ́n. Igun kan pátákó yín gbà á láìfọwọ́ kan òbíríkítí. Ẹ sàmì sí kọntiróólà ní kìlómítà 16, kí ẹ sì fún un láṣẹ pé wágọ́nù tó bá gbá èkejì débi tó fi fò kúrò lórí irin, a ó bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Bí ẹ bá fẹ́ fi CV dín eré pannier náà kù fún un, ẹ kọ́kọ́ ka iye àtijọ́ jáde, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sá yí po fún bíi ogún ìṣẹ́jú kí mọ́tò rẹ̀ lè gbóná dáadáa, nítorí pé èyí tó tutù máa ń lọ́ra, iye tí ẹ bá fi sí i nígbà náà yóò pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wọn mítà kan, kí ẹ dín CV 5 kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n títí yóò fi gba bíi ìṣẹ́jú àáyá 7.